Asákúrò Tó Wá Lẹ́ẹ̀márùn-ún

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, tó jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tó, ẹnu ló ń gbé e lọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń rán mi létí pé mi ò kéré mọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí kíníìkì kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà yẹn, àti pé Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ojú ewé kejì tó bí mi nínú débi pé mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. O ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí àwọn aláìsàn yín fi ń sá fún oògùn ọ̀fẹ́? Ṣé wọn ò fẹ́ wà láàyè ni?"

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún ọ, nítorí wàá bá a lórí tábìlì rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ni asákúrò. Ní kíníìkì tí a ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV lára, asákúrò ni ẹni tó yẹ kó wá gba oògùn lọ́jọ́ kan, tí a kò rí i, tí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sì kọjá lórí rẹ̀ tí a kò tíì fojú kàn án. Akọ̀wé á fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ńlá. Ó parí. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sọ pé a kò rí i. Kò sọ pé a wá a tàbí a kò wá a. Ó ní ó sá. Ẹjọ́ ni, wọ́n sì ti dá a tán kí wọ́n tó pe ẹni tí wọ́n ń dá a lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

O mọ iṣẹ́ oògùn yìí, ṣùgbọ́n gbọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún aláìsàn, bóyá wàá rí i lò. Oògùn náà kì í pa kòkòrò tán; ó jókòó lé e láyà ni. Ìgbà tí oògùn bá dìde, kòkòrò á dìde. Bí aboyún bá ń lo tirẹ̀ lójoojúmọ́, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù títí ẹ̀rọ ò fi ní rí i mọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọmọ inú rẹ̀ tó kó o. Bí kò bá rí i lò, nínú ọmọ mẹ́ta, kòkòrò náà lè mú ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ fún ọ nísàlẹ̀ pé wọ́n ní kí aboyún kan lọ kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Ní ọdún tó kọjá ni àwọn tó ń ṣe agbátẹrù ìwádìí wa ní kí n lọ wá ìdí tí asákúrò fi pọ̀ ní kíníìkì àdúgbò kan. Ibẹ̀ ni ọ̀dà ojú ọ̀nà ti tán, tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, tí omi ẹ̀rọ kì í yọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Ilé wọn sún mọ́ra débi pé bí ẹnìkan bá wúkọ́ níbí, ará ilé kejì ló máa ní pẹ̀lẹ́. Yàrá mẹ́rin ni kíníìkì náà, bẹ́ńṣì gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fáànù kan ṣoṣo sì wà tó kọjú sí ògiri, tó jẹ́ pé ògiri nìkan lara ń tù. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kọ asákúrò sí. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ gbà mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní: "Dókítà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àwọn èèyàn ibí yìí, orí kunkun ni wọ́n fi wáyé. Ẹ bá wa ṣe ìwé ìléwọ́ aláwọ̀ mèremère kan, kí ẹ máa lọ sílé."

Ẹnì kejì tí mo bá pàdé ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Baba Géètì ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, àìlèjókòó lásán ló gbé e dé ìdí géètì. Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin kò tíì kúrò lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọlé kó má kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, aago tó wọlé, ohun tó bá wá, aago tó jáde. Ìwé ara rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́, ìwé ọmọléèwé ẹléwé ọgọ́ta, rúlà ló sì fi fa ìlà rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo ń kánjú, mo ní dókítà ni mí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà náà a máa wọlé, a sì máa jáde. Aago mélòó ni kí n kọ?" Bó bá jẹ́ aláìsàn tiwa ló wọlé, kì í kọ àìsàn. Ohun tó máa ń kọ ni pé, "Ó wá fún ọ̀ràn ara rẹ̀." Mo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé tó gboyè jù mí lọ ṣiṣẹ́ tí wọn kò ní irú ọ̀wọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kan òjò dá mi dúró sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Mo ń ṣí ìwé náà lásán, kí ọwọ́ má dilẹ̀. Mo rí orúkọ kan tí mo mọ̀, torí pé nọ́ńbà kejìlá ni obìnrin náà lórí ìwé àwọn asákúrò mi. Ó wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. O mọ̀ bí kíníìkì ṣe rí: láti gorí ìwọ̀n nìkan, wàá tò fún ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹ̀dá tó lè gba oògùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo ṣí ewé síwájú, mo tún rí i. Mo tún ṣí i. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló wá lẹ́yìn tí wọ́n ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé ó sá.

Mo bẹ Baba Géètì kó yá mi ní ìwé náà. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó, ìwé ńlá kíníìkì ní ọwọ́ òsì, ìwé Baba Géètì ní ọwọ́ ọ̀tún, mo ń fi rúlà tọ́ka láti ìlà dé ìlà. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní kí ẹlòmíràn bá mi kà á. Nínú àwọn mẹ́tàlélógójì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti padà wá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ju ìdajì lọ! Wọ́n wá, wọ́n dúró níwájú akọ̀wé, a sì lé wọn lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Baba Géètì, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní: "Dókítà, mo ti rí èrò ọkọ̀ tó ń sá nítorí pé kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń sá kì í dúró kọ orúkọ."

Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà lọ. Obìnrin náà kò burú. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sì máa ń tutù sínú ìkòkò ni. Ó ṣàlàyé fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ asákúrò sí, wọ́n á yọ fáìlì rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Inú àpò ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọ̀gá ń wá, ìpàdé ló sì máa ń wà. Kò sí fáìlì, kò sí oògùn. Kí wọ́n tó lè gbé fáìlì jáde pàápàá, ẹni náà gbọ́dọ̀ mú èèyàn kan wá láti ilé tó máa fọwọ́ sí i pé kò ní sá mọ́. Lẹ́yìn èyí, ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìmọ̀ràn, oògùn. Mo ní, "Ta ló ṣe irú òfin báyìí?" Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mà ni, Dókítà."

Ó gbé ìwé ìlànà wá, ó ṣí ojú ewé kẹsàn-án. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mi ni mo bá níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, nínú ìwádìí kan tí wọ́n yìn mí fún: "Kí a ya fáìlì àwọn asákúrò sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tó kù, kí iye wa lè mọ́." Kí iye wa lè mọ́! Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìlà méjì lórí pẹpẹ kan náà. N kò kọ "lórí pẹpẹ kan náà." N kò kọ ọ́ pé bí ẹni náà bá padà dé, kí fáìlì rẹ̀ bá a padà ní ìṣẹ́jú yẹn. Ọ̀gá àgbà ló fi ti kọ́kọ́rọ́ àti ti onídùúró kún un, ṣùgbọ́n èmi ni mo la ọ̀nà tó gbà kọjá. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń ka gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fi ìgbéraga kọ, ojú sì tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo fẹ́ rí nọ́ńbà kejìlá. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi mọ́tò kíníìkì ṣe, kí gbogbo àdúgbò máa yọjú lójú fèrèsé. Baba Géètì wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Télọ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì tó tún kọ́là aṣọ iṣẹ́ mi ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú kóòtù funfun mi tí àpò rẹ̀ ti ya, mo gbé e lọ́wọ́ bí oníbàárà.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kan, àga kan, téèpù lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí. Ó lẹ páálí kan mọ́ ògiri: "Kò sí ọ̀la-ọ̀la níbí." Nígbà tó dìde láti gba kóòtù lọ́wọ́ mi ni mo rí ikùn rẹ̀. Oyún oṣù méje. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fáìlì rẹ̀ ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí oyún tó hàn. Ó yí kóòtù náà, ó rí orúkọ iṣẹ́ wa lára àpò. Ó tún jókòó. Ó ní: "Ẹ ti wá mú asákúrò nìyẹn? Ẹ kú ìrìn o. Láti ibí dé ọ̀dọ̀ yín, òpó iná mẹ́rìnlá ni. Mo ti kà á."

Mo ní kó máa bínú, kó ṣáà sọ fún mi. Ó sì sọ. Ìyá rẹ̀ ṣubú ní abúlé, egungun ìbàdí kán, òun nìkan ni ọmọbìnrin. Oògùn oṣù kan ni kíníìkì máa ń fún èèyàn, bó o kú bó o yè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá rẹ̀, oògùn sì tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọjọ́ kejì tó dé ló wá sí kíníìkì. Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni fáìlì wà, ọ̀gá wà nípàdé. Ó wá. Wọ́n ní kó mú ẹnìkan wá láti ilé. Ọkọ rẹ̀ ló mọ̀, kò sẹ́lòmíràn, ọkọ sì ń wa tírélà, ó lè tó oṣù méjì kó tó fojú kan ilé. Ó wá nígbà kẹrin, akọ̀wé lọ síbi ìsìnkú. Nígbà karùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, àwọn abiyamọ tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jókòó lórí bẹ́ńṣì. Akọ̀wé rí i lókèèrè, ó pariwo: "Asákúrò ti dé o! Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, kó má tún sá!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Oníbàárà rẹ̀ kan wà lórí bẹ́ńṣì náà. Lọ́jọ́ kejì oníbàárà yẹn wá kó aṣọ rẹ̀ láìtíì rán, ó ní ọmọ òun ti sanra ju bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n lọ.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní: "Dókítà, bí mo bá fẹ́ sá, ṣé ẹnu géètì yín ni mo máa sá gbà lẹ́ẹ̀márùn-ún? Èmi tí n kò kàwé, ẹ wo ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ọ̀la nìkan lẹ mọ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Mi ò bẹ̀bẹ̀ nítorí ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n èyí ò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí ló ṣẹ̀ yín?"

Àbúrò mi, abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni mo dúró sí tí mo ń fi ìka ka ọ̀sẹ̀. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó bímọ. Bó bá gba oògùn lónìí, kòkòrò á ti lọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Bí a bá tún ní kó mú onídùúró wá, kó gba ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ ò ní bá Ọmọ́yẹ mọ́. Mo ní kó jọ̀wọ́ ká jọ lọ báyìí. Ó ní òun ò tún ní dúró níwájú akọ̀wé yẹn láé. Mo ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni a máa gbà, yàrá tí wọ́n yá mi fún ìwádìí ni yóò jókòó sí, bí a kò bá fún un lóògùn kó tó dìde, kó fa kóòtù mi ya dé ìsàlẹ̀. Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Òpó iná mẹ́rìnlá ni lóòótọ́. Èmi náà kà á.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, mo bi í nípa ikọ́, ibà àti orí fífọ́. Kọ́kọ́rọ́ kò sí, ọ̀gá kò sí. Mo ṣí ìwé tuntun fún un, mo mú oògùn láti orí pẹpẹ ìwádìí wa, mo fọwọ́ sí i. Ó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì níwájú mi. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ pé, "Dókítà, wọ́n á mú yín o," àmọ́ òun náà ló bu omi fún un. Baba Géètì kọ ọ́ pé ó lo ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ó sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n mú mi lóòótọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀gá àgbà fi ìwé wá wí tẹnu rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo tọ́jú rẹ̀. Ó kà pé: "Ṣàlàyé ìdí tí o fi fún ẹni tí kò sí nínú ìwé wa ní oògùn." Ẹni tí kò sí! Obìnrin tó sanra bí ayé, tó rìn wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó ń ráhùn sí mi pé ọwọ́ mi tutù! Ìwé ló wà, òun ni kò sí.

Wọ́n pe ìpàdé. Àwọn márùn-ún láti orílé iṣẹ́ jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú omi inú ike. Ọ̀gá àgbà fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí orí kunkun àwọn tálákà. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ìwé ẹléwé ọgọ́ta sórí tábìlì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìwádìí ìjìnlẹ̀ la pè yín fún, Dókítà, ìwé máígádì lẹ gbé wá?" Mo ní kí wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́. Baba Géètì wọlé, ó ṣí fìlà, ìwé ọdún yìí wà lábíyá rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ta ló ní kí o máa kọ ìkọkúkọ yìí?" Ó dáhùn jẹ́jẹ́: "Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, sà. Kò sì sẹ́ni tó ní kí n má kọ ọ́." Ọ̀gá ní báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Baba fi ìka ọwọ́ ọ̀tún ṣí ewé, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin fúnra yín, sà, Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ẹ wọlé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jáde ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ẹ ní kí n kọ ọ́ pé ẹ wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà." Ẹnìkan mu omi, omi sì gbà á lọ́nà ọ̀fun. Kò sẹ́ni tó tún béèrè bóyá òótọ́ ni.

O lè rò pé ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Rárá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà fún oṣù mẹ́fà, "láti fi dán an wò." Láti dán kí ni wò? Bóyá ó yẹ kí ẹni tó wá gba oògùn gba oògùn? Ìwé wá wí tẹnu rẹ, wọn kò tíì fà á padà títí di òní. A wá àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà láti ilé dé ilé, jẹ́jẹ́, láìfi ọkọ̀ kíníìkì. Mọ́kàndínlógún ti padà sórí oògùn. Mẹ́rin ti kó lọ síbòmíràn. Mẹ́ta ti kú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ káfíńtà. Òun ló kan bẹ́ńṣì gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà kejì, kò tiẹ̀ ráyè jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú ìwé ńlá, asákúrò ló ṣì ń jẹ́. Èmi ni mo ní bírò pupa lọ́wọ́ báyìí, n kò sì mọ ohun tí n bá kọ tó máa tó.

Télọ̀ bí ọmọbìnrin. Láti ọjọ́ tó délé ayé ni wọ́n ti ń kán oògùn sí i lẹ́nu, ó sì máa ń fi ojú bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ wo nọ́ọ̀sì. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Àná ni èsì dé: kò sí kòkòrò lára rẹ̀. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi já lẹ́nu ọmú, n kì í sáré jó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ náà mọ́. Baba Géètì ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé rẹ̀, lọ́tọ̀, ní ìlà tirẹ̀: "Ó wá fún ọ̀ràn ara rẹ̀."

Ìwọ lo bi mí ìdí tí wọ́n fi ń sá. O rántí ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tí Màámi ti ilẹ̀kùn yàrá ẹrù láìwo inú rẹ̀? Odidi ọ̀sán ni a fi wá ọ. Bàbá já ẹgba sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti sá lọ ṣeré. Ẹ jẹ́ kó dé." Ìwọ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí àwa fúnra wa tì, o ń kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ fi wú. Èmi ni mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ wíwú yẹn ni mo fẹ́ kí o máa rántí bí o bá gbé bírò pupa.

Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí ọ lórí, kó fi àánú sí ọ láyà. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ níbi iṣẹ́ tuntun. Kí ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ. Àwọn tó bá wá bá ọ, kí wọ́n bá ọ lórí ìjókòó, kí wọ́n sì lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n wá gbà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ kúrò nínú yàrá ẹrù.

Àfikún: Kí o tó jókòó lórí àga rẹ lọ́jọ́ Ajé, béèrè ibi tí fáìlì àwọn asákúrò wà, kó gbogbo wọn padà sórí pẹpẹ, kí o sì fún ẹni tó wà ní géètì ní ìwé ẹléwé ọgọ́ta kan àti rúlà. Bí ẹni tí ẹ kò rí láti ọjọ́ pípẹ́ bá wọlé, kí i káàbọ̀, bi í bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ara rẹ̀ ń gbóná, bóyá orí ń fọ́ ọ gidigidi. Bí ọ̀kankan nínú wọn bá ń ṣe é, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí, gbé oògùn oṣù mẹ́ta lé e lọ́wọ́ kó tó dìde, lẹ́yìn náà ni kí o tó béèrè ibi tó ti lọ.